Ìbéèrè Yín: Kí lorúkọ sójà tó wà nínú fọ́tò yẹn?

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lóṣù tó kọjá nípa àwọn ayàwòrán tó ń fi fọ́tò àtijọ́ ṣiṣẹ́ ni lẹ́tà yín ò ti dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ogun ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ogun Hitler, ogun Biafra, ogun tí bàbá àgbà lọ tí wọ́n dé tí wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Nígbà tí màmá wa kú, a bá fọ́tò kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Bàbá tó bí wọn ni, wọ́n wọ kákí, wọ́n dé fìlà sójà, ojú wọn le koko. A mọ̀ pé wọ́n lọ ogun Hitler, a ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi tó jẹ́ ayàwòrán fẹ́ sọ fọ́tò náà di ńlá, kó kùn ún ní kọ́lọ̀, kó gbé e lọ sí àfihàn. Báwo la ṣe lè mọ ibi tí bàbá jagun dé? Ṣé kò burú tó bá kùn ún? (Ọmọ-ọmọ sójà, Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò yín tó fọwọ́ kan kùn rárá, ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò nínú férémù tó bá wà nínú férémù, kí ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Àwọn onífọ́tò ayé ìgbà yẹn máa ń lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn sẹ́yìn fọ́tò, tí òǹtẹ̀ yẹn bá jẹ́ ti Èkó tàbí Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí bàbá tó wọkọ̀ ojú omi ni wọ́n yà á, àbí ìgbà tí wọ́n padà dé, tó bá wá jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Íńdíà lẹ rí, bàbá ti sọdá òkun nìyẹn, torí Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó àwọn sójà wa lọ kí wọ́n tó kó wọn wọ Burma, Bọ́mà tí àwọn àgbà ń pè, tó ti di Myanmar báyìí. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì tún un kọ kó lè hàn dáadáa. Ẹ yà á ní fọ́tò bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo èjìká aṣọ wọn. Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1943 fún ogun Bọ́mà, Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82. Tí ẹ bá rí aláǹtakùn lára báàjì, 81 ni, Ànáńsè ni wọ́n ń pe aláǹtakùn yẹn, òun ni ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Gánà bí Ìjàpá ṣe jẹ́ tiwa. Tó bá sì jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn tó gba inú òṣùká kọjá, 82 nìyẹn. Òṣùká tí à ń fi ru ẹrù ni mò ń wí o, kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ibi tí wọ́n ti jà yẹn, òkè ni, igbó ni, odò ni, mọ́tò ò lè rìn ín, orí làwọn èèyàn wa fi ru ẹrù ogun, àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn ò fún níbọn rárá, ẹrù ni iṣẹ́ tiwọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ní àfonífojì Kaladan, bààlúù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún Dífíṣọ̀n 81 láti òkè, ọ̀nà míì ò sí. Àwọn tó kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ síbẹ̀ tó bíi 90,000, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí nípa ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn tó ń gbé Èkó ń pe orúkọ Bọ́mà lójoojúmọ́ ayé, kò sì mọ̀. Dodan Bárékè tó wà ní Ìkòyí, ibì kan ní Bọ́mà ló ń jẹ́ Dodan. Arakan ní Àpápá, agbègbè tí wọ́n ti jà yẹn gan-an ni. Myohaung ní Yábàá, ìlú ọba àtijọ́ ni, January 1945 làwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà á lọ́wọ́ àwọn Jàpáàn. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn náà, Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá, Bọ́mà ni. A fi orúkọ ibẹ̀ sọ bárékè, a kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì, ọlọ́kadà ń pè é, oníbọ́ọ̀sì ń pè é, orúkọ àwọn tó lọ síbẹ̀ gan-an la ò mọ̀.

Ẹ ò ní jìnnà kí ẹ tó rí àpẹẹrẹ, torí ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀ ni Isaac Fádóyèbọ̀ ti wá, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ sójà ní 1942, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní March 1944 àwọn Jàpáàn ká wọn mọ́ létí odò Kaladan, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn, òun àti ọmọ Sierra Leone kan tó ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó yẹn, wọn ò lè rìn. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń fún wọn lóúnjẹ tó sì fi wọ́n pamọ́ títí di December ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ tí àwọn Jàpáàn bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, òun àtìyàwó àtọmọ ló máa bá a lọ. Fádóyèbọ̀ padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó jókòó fúnra ẹ̀ ó kọ ìtàn ọ̀hún sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà ìdúpẹ́ wọn lọ sí Bọ́mà, Shuyiman ti kú ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹbí ẹ̀. Bàbá Fádóyèbọ̀ náà papò dà ní 2012. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ la fi mọ̀, mélòó ni wọn ò kọ?

Nítorí náà ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé kíákíá. Ẹ má béèrè pé "ogun wo ni bàbá jà," wọ́n á ní àwọn ò mọ̀. Ẹ bi wọ́n pé orin wo ni bàbá máa ń kọ tí wọ́n bá mu ẹmu, kí ni wọ́n kì í jẹ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti dé, ṣé wọ́n máa ń sọ èdè kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ta ni ọ̀rẹ́ wọn tó máa ń wá kí wọn láti ìlú míì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa jáde.

Ní ti kíkùn, mi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ẹ sikáànù fọ́tò náà kó mọ́ gaara, ẹ̀dà ni kó kùn, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojúlówó ẹ̀ láéláé. Mi ò sì fẹ́ kó lo àwọn ááàpù fóònù tó ń sọ fọ́tò dúdú-àti-funfun di alárànbarà. Ṣe ni ááàpù yẹn ń méfò, ó máa fún bàbá ní àwọ̀ tí kì í ṣe tiwọn, ó tiẹ̀ lè fún wọn ní ojú tí kì í ṣe tiwọn, àwọn ọmọ tó bá sì dé lẹ́yìn máa rò pé bí bàbá ṣe rí nìyẹn. Tí ayàwòrán bá fọwọ́ ara ẹ̀ kùn ún tí a sì rí ojú búrọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn mọ̀ pé èrò ọkàn ẹ̀ ló gbé ka orí ẹ̀, ìyẹn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kó lọ wo iṣẹ́ Kelani Abass, ọmọ Abẹ́òkúta. Bàbá tiẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, ó wá mú àwọn àpótí onígi tí wọ́n máa ń to lẹ́tà ìtẹ̀wé sí, tó ní ojúlé kéékèèké, ó ń to fọ́tò àtijọ́ sínú àwọn ojúlé yẹn. Ẹ wo bí irú ẹ̀ á ṣe rí tí ojú bàbá yín bá wà nínú ojúlé kan, ẹ̀yìn fọ́tò nínú òmíì, nọ́ńbà sójà wọn nínú òmíì, kí ojúlé tí ẹ ò tíì rí nǹkan fi sí sì ṣófo síbẹ̀.

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kà ní Ifẹ̀. Mo ti dáńlóòdù fọ́tò sójà Áfíríkà rẹpẹtẹ láti orí wẹ́bùsáìtì Imperial War Museum ti London. Ọ̀rẹ́ mi kan ní olè ni mò ń jà, èkejì ní àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ jà wá lólè. Ta ni kí n gbà gbọ́? Àti pé kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní jẹ́ pé mo kàn lẹ fọ́tò mọ́ kánfáàsì? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò mi, o ò jalè. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, fọ́tò tí òṣìṣẹ́ ìjọba wọn yà kí June 1957 tó wọlé, àádọ́ta ọdún péré ni ẹ̀tọ́ oníǹkan fi wà lórí ẹ̀, ti ogun Hitler sì ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Mùsíọ́mù náà fúnra wọn gba èèyàn láyè láti fi ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò wọn ṣe ohun tí kì í ṣe ti títà, wọ́n kàn fẹ́ kí o dárúkọ ibi tí o ti mú un. Tí o bá fẹ́ tà á tàbí tí o fẹ́ èyí tó tóbi tó sì mọ́ dáadáa ni wàá kọ̀wé sí wọn. Ká fi òfin sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè ẹ kejì ló ká mi lára. Ta ló ya fọ́tò yẹn, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Onífọ́tò iléeṣẹ́ ológun ni púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn ni kí ará ilé rí i pé ogun ń lọ dáadáa, pé àwọn ọmọ Áfíríkà ń rẹ́rìn-ín, pé wọ́n lágbára. O ò lè rí ẹni tó ń sunkún níbẹ̀. Wá ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò, kà á dáadáa o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá òyìnbó tó wà láàárín máa lórúkọ, wọ́n á kọ ipò ẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n tiẹ̀ lè kọ ìlú ẹ̀ sí i, àwọn tó yí i ká wá jẹ́ "sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà", ó parí. Àwọn mélòó kan wà tí wọ́n kọ orúkọ wọn, tí o bá ti rí irú ẹ̀, dì í mú bí ojú, torí orúkọ kan lè gbé ẹ dé abúlé kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2021, Commonwealth War Graves Commission tó ń tọ́jú sàréè àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé gbé ìròyìn kan jáde, wọ́n sì tọrọ àforíjì: nínú àwọn tó kú nítorí ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ru ẹrù fún ogun ẹlòmíì.

Ayàwòrán méjì tí mo fẹ́ kí o wo ṣiṣẹ́ lórí ogun àkọ́kọ́ yẹn, 2018 ni àwọn méjèèjì gbé e jáde. John Akomfrah tí wọ́n bí ní Accra to fíìmù àti fọ́tò inú akáífù pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ó fi í hàn lójú sinimá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nínú Imperial War Museum yẹn gan-an. William Kentridge ti South Africa ní tiẹ̀ lo orin, ijó àti òjìji, àwọn èèyàn ń to lọ lórí ìtàgé gígùn pẹ̀lú ẹrù lórí, òjìji wọn wá di òmìrán lára ògiri, àkọlé eré náà wá látinú òwe àwọn ará Gánà tó ní orí àti ẹrù ló ń fìyà jẹ ọrùn. Èmi fẹ́ràn ti Kentridge jù torí kò díbọ́n pé òun mọ ojú àwọn tí a ò mọ̀ mọ́, ara tó ń ru ẹrù ló jẹ́ ká rí. Tí fọ́tò ò bá sì sí, ọ̀nà míì wà. Omar Victor Diop ti Senegal fi ara ẹ̀ ṣe sójà Thiaroye, ó múra bíi tiwọn, ó ya fọ́tò ara ẹ̀. Àwọn sójà Thiaroye yẹn ti jìyà lọ́wọ́ àwọn Jámánì lẹ́wọ̀n, wọ́n padà dé ẹ̀gbẹ́ Dakar, wọ́n ní kí wọ́n san owó àwọn fún àwọn, àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n jà fún wá yìnbọn fún wọn ní December 1, 1944.  Ọgọ́rin ọdún gbáko ló kọjá, 2024 ni ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa nínú lẹ́tà tó kọ.

Ohun tí màá ṣe tí mo bá jẹ́ ìwọ: mú fọ́tò kan ṣoṣo, má kó ogún jọ. Yọ ọ̀gá tó wà láàárín kúrò, sún mọ́ ẹni tó dúró létí, tí ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú òkùnkùn. Tẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà tóbi bíi fọ́tò fúnra ẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé ka "sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà" kí ó sì dùn wọ́n.

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo lọ sí àfihàn kan níbí, wọ́n gbé fọ́tò ọmọ Biafra kan tí ebi ti sọ di egungun sára ògiri, ó ga ju èèyàn lọ, àwọn èèyàn ń mu wáìnì níwájú ẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni ọkọ mi, ó jáde síta, kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ṣé dandan ni ká máa hú ọ̀rọ̀ yìí jáde ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Peckham ní London)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ò dáa. Ká má parọ́, fọ́tò àwọn ọmọ yẹn ṣiṣẹ́ ní 1968, òun ló jẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù dìde, tí àwọn ìjọ Kristẹni fi ń fi bààlúù kó oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé lọ sí Uli ní Biafra lóru, nínú òkùnkùn. Onífọ́tò bíi Priya Ramrakha, ọmọ Kenya, kú síbẹ̀ ní 1968. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, fọ́tò yẹn ń tọrọ oúnjẹ fún ọmọ tó ṣì lè yè. Lónìí kò tọrọ nǹkan kan fún un mọ́, ọmọ náà ò lórúkọ, kò ní bàbá, ẹnikẹ́ni ò bi ẹbí ẹ̀. Èmi ò ní gbé irú ẹ̀ sára ògiri láé.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ò sì dáa. Ẹ bi ọkọ yín, nígbà tí ara bá tù ú, bóyá álíbọ́ọ̀mù ẹbí wọn kankan yè. Fọ́tò ìgbéyàwó 1964, fọ́tò ọmọ tó ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú sọ́kìsì funfun, fọ́tò tí wọ́n yà ní sítúdíò ní Ìbàdàn tàbí Èkó kí wọ́n tó sá lọ sílé. Fọ́tò ẹni tó yó, tó ń rẹ́rìn-ín, kí ẹni tó ń wò ó mọ ohun tí ogun wá gbà lọ, ìyẹn lágbára ju egungun ìhà lọ lójú tèmi.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbò nìkan. August 1967 ni sójà Biafra gba Benin kọjá, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀", a ti sọ ọ́ di àwàdà. Àwọn tó ń gbé Ọ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀, àwọn onímọ́tò, àwọn tó sá wọgbó Òǹdó? Peter Obe tó jẹ́ onífọ́tò Daily Times ya ogun yẹn, ó sì kó o jọ sínú ìwé ní 1971, Mùsíọ́mù Ogun wà ní Umuahia láti 1985. Ayàwòrán Yorùbá tó bá lè lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ máa wo álíbọ́ọ̀mù láti ilé dé ilé, iṣẹ́ gidi ló máa ṣe fún wa.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo fẹ́ fi fọ́tò bàbá wọn tó kú sí Bọ́mà ṣe iṣẹ́, wọ́n ní rárá. Kí ni kí n ṣe? (Ayàwòrán, Ìjẹ̀bú-Òde)

Má ṣe é. Bàbá wọn ni, wọn ò mọ̀ ọ́n ju inú fọ́tò yẹn lọ. Ohun tí o lè ṣe ni kí o wá orúkọ bàbá náà lórí wẹ́bùsáìtì Commonwealth War Graves, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ orúkọ àwọn sójà tó lé ní 26,000 tí wọn ò mọ sàréè wọn sára òpó ìrántí tó wà ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Tí o bá rí i, tẹ̀ ẹ́ jáde, gbé e fún bàbá ẹ, kí o jókòó tì wọ́n. Gbìyànjú oríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ ọ̀hún o, torí akọ̀wé tó kọ ọ́ nígbà yẹn kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé fọ́tò sórí igi tàbí aṣọ? Mo sì rí i lórí fóònù pé ẹnìkan gbé e sórí ewé, ṣé òótọ́ ni? (Oníṣẹ́ ọwọ́, Òṣogbo)

Òótọ́ ni. Ká kọ́kọ́ mú ti igi àti aṣọ. Fotokópì ẹ̀rọ laser ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó ń lo íǹkì olómi. Ẹ ní kí wọ́n yí àwòrán náà padà bí ìgbà tí a wò ó nínú díńgí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báàjì àti lẹ́tà á kọjú sódì. Ẹ da ojú ẹ̀ dé igi, ẹ fi acetone díẹ̀ pa ẹ̀yìn bébà náà, ẹ fi ìdí ṣíbí ra á, kí ẹ wá ṣí i díẹ̀díẹ̀. Irú ọ̀nà yìí ni Njideka Akunyili Crosby fi ń gbé fọ́tò inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà sínú àwòrán ńlá tó ń yà.

Ti ewé, Binh Danh ló sọ ọ́ di mímọ̀, Vietnam ni wọ́n ti bí i, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí. Ó máa ń gbé fọ́tò ogun Vietnam tí wọ́n tẹ̀ sórí fíìmù lé ewé tútù lórí, á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ibi tí oòrùn bá dé máa ṣá, ibi tí òjìji wà máa dúró ní àwọ̀ ewé, ojú sójà á wá yọ jáde lára ewé, bí ewé inú ilẹ̀ tí wọ́n kú sí ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló máa ń fi ike olómi tó ń gan bò ó kó má baà jẹrà. Oòrùn tiwa pọ̀ tó fún un, ewé kókò sì fẹ̀ dáadáa, ẹ dán an wò. Ní ti acetone, ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kó jìnnà sí sítóòfù àti àbẹ́là, torí iná máa ń tètè ràn án.